Awò Kì Í Ṣe Awo

    

Bí ẹ ti mọ̀, ọ̀rọ̀ kan la máa ń tú palẹ̀ ní abala yìí. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, ìyàwó Awo kan ló fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní ọkọ òun ti lé ní ọgọ́ta ọdún, pé bí ó bá fẹ́ ka nǹkan, yóò máa na ọwọ́ síwájú títí ọwọ́ kò fi ní tó o nà mọ́. Àwọn ọmọ ra awò ojú fún un, ó gbé e sínú àpótí. Ó ní Awo kì í lo awò, pé ojú inú ni Awo fi ń ríran, pé bí àwọn tó wá dáfá bá bá nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú òun, wọn yóò ní Bàbá ti bàjẹ́. Ìyá náà wá bi mí pé: ṣé èèwọ̀ ni lóòótọ́? Àti pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn, awo àti awò, ṣé ìyá kan náà ló bí wọn ni?

Ìbéèrè tó dáa ni. Èyí ìkejì ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, torí bí a bá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, ti àkọ́kọ́ kò ní gba àkókò púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká to àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni to ọjà. Ohùn ni Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Àwo la fi ń jẹun. Awó ni ẹyẹ tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹtù. Awọ ni èyí tó wà lára ẹran, tí a fi ń ṣe bàtà àti ìlù. Àwọ̀ ni ti aṣọ, bóyá pupa ni tàbí dúdú. Awo, tí ohùn rẹ̀ kò gòkè tí kò sì wálẹ̀, ni ohun ìkọ̀kọ̀ tí a kì í tú fún ọ̀gbẹ̀rì; òun náà la sì fi ń pe ẹni tí a ti fi ohun ìkọ̀kọ̀ náà hàn. Òun ló wà nínú babaláwo, baba tó ní awo. Ìgbà tí ohùn bá wálẹ̀ ní ìparí, tó di awò, nǹkan mìíràn ló dé yẹn. Ohun tí a fi ń wo nǹkan ni.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé baba tó ń wo nǹkan fún èèyàn ni babaláwo. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, babaláwò là bá máa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ pè é sókè níbi tí ẹ jókòó sí, etí yín fúnra rẹ̀ á sọ pé kò bá a mu.

Ibo wá ni awò ti wá? Inú wò ló ti wá. Yorùbá máa ń mú ọ̀rọ̀ tó ń sọ iṣẹ́, kí ó fi "a" síwájú rẹ̀, kí ó sì fi sọ orúkọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà tàbí ohun tí a fi ń ṣe é. Àwọn ìyá wa ń sẹ́ ògì, asẹ́ ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Ọba dé nǹkan sórí, adé ni. Ẹni tó ń pẹja ni apẹja. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ní wò, a sì ní awò. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Ohun èlò ni, bí asẹ́ ti jẹ́ ohun èlò.

Ìdílé ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Kí dígí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, àwọn àgbà ń pe nǹkan tí a fi ń wo ojú ara ẹni ní awòjìji, ìyẹn ni ohun tí a fi ń wo òjìji ara wa. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá náà lo ọ̀rọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú yín ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní ilé ìwé. Ẹni tó ń wo ìràwọ̀ ni awòràwọ̀. Ẹni tó dúró wo eégún tó ń jó ní ojúde, tí kò bá wọn jó, awòran ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Wò kì í ṣe ti ojú nìkan ní èdè wa. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, a ní ìyá rẹ̀ ń wò ó. Bí ó bá wò ó tí ó sàn, ìwòsàn nìyẹn, òun la fi ń pe ilé ìwòsàn. Oníṣègùn tó bá ń wo èèyàn títí tí wọ́n fi ń yè, aláwòyè là ń pè é. Kí a yẹ nǹkan wò, àyẹ̀wò ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa ní àárọ̀, kí lẹ máa ń sọ? "Bàbá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Dókítà tó fi iná tàn yín lójú ní ọsibítù, àyẹ̀wò ló ń ṣe. Awo tó gbé ọpọ́n kalẹ̀, àyẹ̀wò lòun náà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu yín níbi méjèèjì, ẹ kò sì rò ó rí pé ó yàtọ̀.

Ẹ tún fi wò wé rí. Wọn kò jọ ara wọn. Èèyàn lè wo nǹkan kó má rí i. "Mo wò ó títí, mi ò rí i," à ń sọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Wò ni iṣẹ́, rí ni èrè iṣẹ́. Inú rí ni ẹ̀rí ti wá, torí ohun tí ojú rí ni à ń jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó rí nǹkan ni ẹlẹ́rìí. Àwa tí à ń ki Ọ̀rúnmìlà ní Ẹlẹ́rìí Ìpín, ẹ rántí ohun tí à ń sọ. À ń sọ pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí orí ń yan ìpín, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. A kò ní ó méfò.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn náà fún nǹkan yìí lórúkọ tiwọn. Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe awò ojú, kí ọdún 1300 tó pé. Nígbà tó yá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní spectacles, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì kan tó túmọ̀ sí kí a wo nǹkan. Ohun tí àwa wí ní Yorùbá gan-an ni wọ́n wí. Àwọn ará ilé wa ní Kúbà ń pè é ní espejuelos, àwọn dígí kéékèèké. Ní Brazil, óculos ni, ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ojú ló bí i. Dígí rogodo tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lens, orúkọ ẹ̀wà kékeré kan ní Látìnì ni, torí pé ó rí pẹlẹbẹ, ó sì wú láàárín bíi ti ẹ̀wà yẹn. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó sọ ọ́ di oògùn tàbí èèwọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe tàbí ìrísí rẹ̀ ni oníkálukú fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ó yá, ti àkọ́kọ́. Ṣé èèwọ̀ ni?

Ẹ̀yin ará ilé, a kì í fi ẹnu lásán dá èèwọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ èèyàn nífá, Odù tó jáde ní igbódù ló ń sọ ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ, ohun tí kò gbọdọ̀ wọ̀, ibi tí kò gbọdọ̀ lọ. Bí Odù ẹnì kan kò bá sọ ọ́, kí ó má fi ìtìjú ara rẹ̀ ṣe Odù. Mo ti wà nídìí Ifá láti kékeré, mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni pàdé tí Ifá sọ fún pé kí ó má wo nǹkan kedere.

Ẹ sì wo ohun tí à ń ṣe lórí ẹní. A ó kó ikin 16 sí ọwọ́ kan, a ó fi ọwọ́ kejì gbá a. Bí ó bá ku méjì, a ó tẹ ilà kan sínú ìyẹ̀rosùn. Bí ó bá ku ọ̀kan, a ó tẹ ilà méjì. Ìgbà mẹ́jọ la ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí Odù tó jókòó. Bó bá jẹ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀ la gbé sọlẹ̀, èyí tó bá kọ inú sókè jẹ́ kan, èyí tó bá kọ ẹ̀yìn sókè jẹ́ méjì. Kan tàbí méjì, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Inú kan àti méjì yẹn ni Odù 256 ti jáde.

Ogbè, ilà mẹ́rin tó dá dúró ni, kan, kan, kan, kan. Bí ojú bá ṣi ilà ìsàlẹ̀ kà sí méjì, Ògúndá ni Awo yóò pè. Bó bá jẹ́ ti òkè ló ṣì kà, Ọ̀sá ni yóò pè. Ilà kan péré ló yí o. Ẹsẹ Ifá ti yí, ẹbọ ti yí, ìkìlọ̀ ti yí. Ẹni tó gbé ìṣòro rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn yóò lọ rú ẹbọ ẹlẹ́bọ. Ifá kò parọ́, ojú ni kò rí ohun tí Ifá wí. Ìyá tó kọ ìwé sí mi, ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún Bàbá nìyẹn. Ẹ má sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti di ti arúgbó. Ẹ bi í pé: ìyẹ̀rosùn tó wà lórí ọpọ́n ní ìrọ̀lẹ́, ṣé ó ṣì ń dá kan mọ̀ yàtọ̀ sí méjì?

Mo mọ àgbà Awo kan, ó ti papòdà báyìí. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó sọ fún àwọn ọmọ awo rẹ̀ pé kí èyí tó bá jókòó sápá ọ̀tún òun máa ka ilà náà tẹ̀ lé òun. Bí ọmọ náà bá rí i pé ó yàtọ̀, yóò sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, méjì ni o." Bàbá kò bínú rí. Nígbà tó yá, ó lọ gba awò, ó fi okùn so ó mọ́ ọrùn, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ifá rẹ̀. Ẹnì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé. Bàbá ní, "Ẹni tó wá bá mi, òótọ́ ló wá gbà, kò wá wo ẹwà ojú mi." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ti ojú inú ńkọ́? Òótọ́ ni, ojú inú wà. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun igi kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ojú inú Awo ń ṣiṣẹ́? Lẹ́yìn tí Odù bá ti hàn ni. Ìgbà yẹn ni a ó mọ ẹsẹ tó bá ọ̀ràn mu, ìbéèrè tó yẹ ká bi, ohun tó yẹ ká dákẹ́ lé lórí. Ojú ìta ló ń ka ilà, ojú inú ló ń ka èèyàn. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì fún un. Bó bá jẹ́ ojú inú nìkan la nílò, kí la tún ń ru ọpọ́n kiri fún?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú gan-an, torí púpọ̀ nínú àwọn ará ilé wa ń rò pé ayé ló ń ṣe wọ́n. Dígí kékeré kan wà lẹ́yìn ọmọlójú wa, Olódùmarè ló fi síbẹ̀. Ní kékeré, ó rọ̀, ó lè yí ara rẹ̀ padà kí ó lè wo ìtòsí, kí ó sì wo ọ̀nà jíjìn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń le. Lẹ́yìn ogójì ọdún, èyí tó wà nítòsí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì: abẹ́rẹ́, ìwé, ilà orí ọpọ́n. Kò sí ẹni tí kì í bá, dúdú, funfun, ọba, ìjòyè. Ẹni tó ń na ìwé síwájú kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi nǹkan ṣe. Awò ìkàwé ló máa ràn án lọ́wọ́, kò sì wọ́n.

Àmọ́ ẹ má kàn ra awò lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri nínú ọkọ̀, kí ẹ sì gbà pé ó ti tán. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan káàkiri Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn tó lé ní 13,000 wò, gbogbo wọn jẹ́ ẹni ogójì ọdún sókè. Wọ́n rí i pé nínú 100, ó lé díẹ̀ ní 4 tí kò ríran. Èyí tó fa púpọ̀ jù lọ, nǹkan bíi 43 nínú 100, ni kinní funfun tó máa ń bo dígí kékeré tí mo sọ yẹn. Àwọn dókítà ń pè é ní cataract.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti lè ṣi èèyàn lọ́nà. Yorùbá ní ojú fọ́, a sì ń pe ẹni náà ní afọ́jú. Fọ́ yìí náà là ń lò fún ìkòkò. Ìkòkò tó bá fọ́ ti fọ́ náà nìyẹn. Nítorí náà, bí ojú ìyá wa bá ti funfun, ilé á ní ojú Ìyá ti fọ́, wọn á wá igun kan fún un jókòó. Ojú yẹn kò tíì fọ́. Ó dí ni. Dókítà ojú lè yọ èyí tó dí náà kúrò, kí ó fi dígí mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí Ìyá sì tún máa rí ojú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti dígí náà sẹ́yìn nínú ojú. Ẹ má gbà fún wọn. Iná ń tàn fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú lè wá fọ́ lóòótọ́.

Èyí tó burú jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Àwa aláwọ̀ dúdú, pàápàá jù lọ àwa ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ló máa ń bá jà gan-an. Kì í dùn èèyàn rárá lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ ẹ́ wálé, iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni náà ṣì ń ka ìwé, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Ó ń kọlu ilẹ̀kùn, wọ́n ní ó ń sáré jù. Èyí tó bá ti lọ kò ní padà mọ́, awò kò sì lè dá a padà. Oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá èyí tó kù dúró bí wọ́n bá tètè rí i. Ó sì máa ń tẹ̀ lé ìdílé. Bí ó bá ṣe bàbá yín, ẹ̀yin ọmọ àti àbúrò, ẹ tètè lọ.

Èmi náà ń já ewé, mo sì mọ iyì ewé. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù: ojú kì í ṣe ibi tí à ń dán nǹkan wò sí. Ẹ má rọ omi ewé sójú, ẹ má rọ ìtọ̀, ẹ má rọ omi ṣúgà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ba ojú jẹ́, kí ló fẹ́ fi ṣọ́ orí?

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé ṣe kí a tó tún pàdé kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ogójì ọdún, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ojú lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì béèrè bóyá glaucoma wà níbẹ̀. Awo tó bá ní ọmọ awo, kí ó fún wọn láyè láti ka ilà tẹ̀ lé òun. Ẹ̀yin ọmọ awo, bí Bàbá bá pe Odù tí ẹ rí i pé ilà kò bá a mu, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ mú awò yẹn kúrò nínú àpótí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ́kẹ́ níbi tí ọwọ́ Bàbá yóò ti tó o.

Awo ni ohun tí a mọ̀. Awò ni ohun tí a fi ń wò. Èyí tí a mọ̀ kò níláárí fún ẹni tó wá bá wa, bí a kò bá rí èyí tó wà níwájú wa.

Ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, bí Ẹlẹ́dàá bá dá ẹ̀mí sí, a ó tú ọ̀rọ̀ náà "ẹbọ", torí àwọn ọmọ méjì ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí rẹ̀. Ifá á jẹ́ kí ojú wa ríran dalẹ́. Àṣẹ. Àbọrú, àbọyè.